Kí Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn Lè Máa Gbé Wa Dé Ibi Tí À Ń Lọ

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà sọ níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ níbi ìpàdé àpapọ̀ wa ní Ìbàdàn. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún àǹfààní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an ni a wá sọ.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ yàn wá pé kí a lọ wo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ní ìlú yìí, kí a sì wá sọ ohun tí ó yẹ kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa ṣe. Àwọn kan nínú yín ní kí a fa owó yọ nínú owó ìpamọ́, kí a fi ra bọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ni, kí a fi sílẹ̀ fún ìjọba. Lẹ́yìn tí a ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, èrò tiwa yàtọ̀ sí ti apá méjèèjì. Ohun tí a rí ni pé àìtó bọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ni ó ń yọ wá lẹ́nu. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń tọ̀ ni kò bá ìrìn wa mu mọ́. Bí a bá ra ogún bọ́ọ̀sì, tí a sì tì wọ́n sí ojú ọ̀nà tí kò tọ́, ogún bọ́ọ̀sì ni yóò kàn lọ kún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó wà nílẹ̀, owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì wọlẹ̀. Nítorí náà, kí a tún ọ̀nà tò kí a tó ra ọkọ̀: èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ẸGBẸ́ WA

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú ọ̀nà bọ́ọ̀sì? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìfowópamọ́ olúkúlùkù wa. Owó tí a bá fi wọ ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ ń yọ, èyí tí ó bá kù ni a ń jẹ, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ akápò. Bí owó ọkọ̀ bá ti ń wú, bẹ́ẹ̀ ni owó àjẹṣẹ́kù ń fọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń gbé Àkóbọ̀, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Challenge. Ká ní ó ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀, tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦300. ₦1,800 ni ó ń ná lójúmọ́. Bí ó bá ń jáde ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦43,200 ni yóò ná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí a bá tún ọ̀nà tò kí ó lè máa wọ ọkọ̀ méjì dípò mẹ́ta, tí owó ọkọ̀ kò sì yí padà, owó náà yóò di ₦28,800. ₦14,400 ni yóò ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bu díẹ̀ lé owó ọkọ̀ nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ gùn, èrè ṣì wà níbẹ̀. A kò tí ì ka wákàtí tí ó fi ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tàbí ewébẹ̀ tí oòrùn pa kí ó tó dé ọjà.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí, epo pẹtiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó ₦200 ti fò kọjá ₦480. A kò lè dá owó epo padà. Ṣùgbọ́n a lè dín iye ìgbà tí èrò ń bọ́ sílẹ̀ tí ó tún ń sanwó kù. Èyí wà lára ohun tí ìlú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

BÍ Ọ̀NÀ BỌ́Ọ̀SÌ WA ṢE DI BÍ Ó TI RÍ

Kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó pinnu pé kí ìyà máa jẹ èrò Ìbàdàn. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì wa bá ìlú mu nígbà kan. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Ibùdó rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Dùgbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kòkó kó ilé ìkẹ́rù wọn sí, ibẹ̀ ni báńkì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni a kọ́ Ilé Kòkó sí ní 1965. Ọjà Dùgbẹ̀ wà níbẹ̀, ọjà aláṣọ ti Gbági kò sì jìnnà. Ẹni tí ó bá jáde nílé láti Mọníyà tàbí Apátá nígbà náà, Dùgbẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó máa lọ. Ó tọ́ kí gbogbo ọkọ̀ forí lé Dùgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í dúró lójú kan. Yunifásítì dé ní 1948, ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957, méjèèjì sì wà ní ìhà àríwá. Ọjà Dùgbẹ̀ kó lọ sí Aléṣinlọ́yẹ́. Àwọn aláṣọ kó kúrò ní Gbági àtijọ́ lọ sí Gbági tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀. Bódìjà di ojú ọjà oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Mọníyà ni wọ́n kọ́ ibùdó ńlá rẹ̀ sí, kì í ṣe Dùgbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín Ìbàdàn lónìí, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn odi. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, ènìyàn tí ó wà nínú mọ́kànlá náà lé ní 2,500,000, ilé sì ti tàn dé ibi tí ó jẹ́ oko nígbà náà.

Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò lọ sí àárín ìlú mọ́. Láti ẹ̀yìn odi kan ni à ń lọ sí ẹ̀yìn odi kejì. Síbẹ̀ àárín ìlú ni ọkọ̀ ń gbé wa gbà. Ìlú ti ṣí kúrò níbi tí ó wà, ọ̀nà bọ́ọ̀sì kò bá a ṣí.

ÀÌSÀN MẸ́RIN TÍ Ó Ń ṢE Ọ̀NÀ BỌ́Ọ̀SÌ WA

Èkíní ni gbígbé gbogbo èrò gba ojú kan náà. Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Géètì àti Ìwó Road ni a ti ń bọ́ sílẹ̀ jù láti wá ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ tí ó ń já èrò àti èyí tí ó ń pe èrò há sí ojú kan náà. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ náà wà nínú èrò tí ó há.

Èkejì ni gígé ọ̀nà. Gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ tí èrò bá pọ̀, ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó lọ tààrà yóò dé àárín ọ̀nà, yóò ní òun kò lọ jù báyìí lọ. Èrò yóò bọ́ sílẹ̀, yóò tún wọ òmíràn, yóò tún sanwó. Ìrìn kan ti di méjì. Awakọ̀ kì í ṣe èyí nítorí pé ó kórìíra wa. Owó kan wà tí ó gbọ́dọ̀ kó lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ lálaalẹ́, owó epo wà, owó gáréèjì wà. Bí a kò bá yí bí awakọ̀ ṣe ń rí owó rẹ̀ padà, ìwàásù kò ní í mú un lọ tààrà.

Ẹ̀kẹta ni dídúró dìgbà tí ọkọ̀ bá kún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni yóò pẹ́ jù, nítorí náà olúkúlùkù fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí ó wà ní àárín ọ̀nà kò sì ní í rí ọkọ̀ wọ̀, nítorí pé ọkọ̀ ti kún láti gáréèjì. Obìnrin tí ó dúró ní ìsọdá Ọ̀rọ̀gùn lágogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ń wo ọkọ̀ mẹ́wàá tí ó ń kọjá lójú rẹ̀, kò sì sí àyè nínú ọ̀kankan.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣòro jù láti rí, òun náà ni ó sì ṣe pàtàkì jù. A ní ìlà ọkọ̀ púpọ̀ jù, ọkọ̀ tí ó wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan sì kéré jù. Ẹ jẹ́ kí a tún ṣírò. Ká ní a ní bọ́ọ̀sì mẹ́jọ, tí bọ́ọ̀sì kan sì ń lo wákàtí méjì láti lọ kí ó sì bọ̀. Bí a bá pín wọn sí ìlà mẹ́rin, méjì méjì, bọ́ọ̀sì kan ni yóò máa kọjá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọ̀kan, wákàtí kan gbáko ni yóò dúró. Bí a bá kó mẹ́jọ̀ọ̀jọ sí ìlà kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 15 ni yóò wà láàárín bọ́ọ̀sì kan àti èkejì. Bọ́ọ̀sì kò pọ̀ sí i, awakọ̀ kò pọ̀ sí i, epo kò pọ̀ sí i. Títò nìkan ni ó yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí ó tó dé ojú ìlà náà, yóò ṣì dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ẹni tí bọ́ọ̀sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n tí a fi dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ náà ni èyí? Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà, àgbẹ̀ kòkó kan yóò ru ẹrù tirẹ̀ lọ bá oníṣòwò, oníṣòwò yóò sì fún un ní iye tí ó bá wù ú. Nígbà tí wọ́n kó kòkó jọ sí ilé ìkẹ́rù kan, ẹnu wọn ràn. Kòkó kò pọ̀ sí i lórí igi. Kíkó jọ ni ó fún un lágbára. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbájọ bọ́ọ̀sì.

OHUN TÍ A RÍ NÍ ÌLÚ MÌÍRÀN

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé kò ṣeé ṣe. Ní Èkó, òfin gbé àjọ kan tí ń jẹ́ LAMATA kalẹ̀ ní 2002 láti máa ṣètò ìrìnnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà 22. Wọ́n ya ojú títì sọ́tọ̀ fún un ní ibi púpọ̀, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sí ibi tí ó mọ́, èrò sì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọlé. Ohun tí ó yẹ kí inú wa dùn sí jù ni pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì náà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pè ní alátakò di olùkópa, nítorí pé wọ́n rí àyè tiwọn nínú ètò náà. Lónìí, káàdì kan tí ń jẹ́ Cowry ni wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ìgboro, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 dé Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ìlú Curitiba ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì ni ó ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe òpó ìrìnnà ìlú, láti 1974. Àwọn bọ́ọ̀sì kékeré ń kó èrò láti àdúgbò wá sí ojú òpó, bọ́ọ̀sì ńlá a sì gbà á lọ. Ní ìlú Seoul ní Kòríà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tún gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì tò, ìyẹn ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2004. Wọ́n kun bọ́ọ̀sì ní àwọ̀ mẹ́rin kí èrò lè mọ èyí tí ó ń lọ jìnnà àti èyí tí ó ń yí ká àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo ta: ẹ̀rọ káàdì kọṣẹ́, ọ̀pọ̀ èrò kò mọ bọ́ọ̀sì tí yóò wọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ó tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ètò náà sì dúró. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ìlú lè tún ọ̀nà rẹ̀ tò, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún èrò tó, kí ó sì sọ ọ́ ṣáájú.

ÀBÁ WA

Àwa kò sọ pé àwa nìkan ni a gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwa ni à ń wọ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́. Àwọn àbá wọ̀nyí ni a fẹ́ kí ẹ gbà wọlé, kí àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa sì gbé wọn lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀.

Àbá kìíní: Kí òpó kan lọ tààrà láti àríwá dé gúúsù, láti Ojóò gba Yunifásítì, Sángo, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀, Òkè-Àdó àti Mọ̀lété dé Challenge. Kí ọkọ̀ tí ó bá gba orí òpó yìí má ṣe padà ní Dùgbẹ̀. Kí ó kọjá. Ẹni tí ó ń lọ láti Sángo sí Mọ̀lété kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ rárá.

Àbá kejì: Kí òpó kejì gba inú ìlú àtijọ́, láti Gbági tuntun dé Ìwó Road, Géètì, Ọjẹ́, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Bódè àti Mọ̀lété, kí ó bá òpó àkọ́kọ́ pàdé níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ń tajà ní Ọjẹ́ àti Bódè, tí wọ́n sì ń gbé ní Mọnátán àti Ọlọ́dọ̀, ni èyí yóò kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Títì inú ìlú àtijọ́ kò fẹ̀, nítorí náà kí ọkọ̀ tí yóò gbà á jẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré.

Àbá kẹta: Kí ìlà kan máa yí ẹ̀yìn ìlú ká, láti Ojóò gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ dé Ìwó Road, kí ó sì tẹ̀síwájú dé Tollgate àtijọ́ àti Challenge. Ìlà yìí kò ní í wọ àárín ìlú rárá. Ẹni tí ó ń ti Mọníyà lọ sí Gbági, tàbí tí ó ń ti Challenge lọ sí Ojóò, kò ní iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbé e gba ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Ojóò, Ìwó Road, Challenge àti ọ̀nà Gbági tuntun. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ojú ìlà tí à ń sọ yìí àti òpó méjì ìṣáájú. Ilé ti wà nílẹ̀, ọ̀nà tí yóò so wọ́n pọ̀ ni ó kù.

Àbá kẹrin: Kí kẹ̀kẹ́ Márúwá, Micra àti kòròpé máa kó èrò láti àdúgbò wá sí ojú òpó, kí wọ́n sì padà láti ibẹ̀. Kí ti Àkóbọ̀ àti Bàṣọ̀run dúró ní Ìwó Road, kí ti Ológunẹ́rù dúró ní Sángo, kí ti Apátá dúró ní Dùgbẹ̀, kí ti Amúlókò wá sí Bẹẹrẹ. Ọ̀nà kúkúrú ni yóò jẹ́, nítorí náà ọkọ̀ kan náà yóò lọ yóò bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní àkókò tí ó fi ń lọ lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀.

Àbá karùn-ún: Kí bọ́ọ̀sì wà ní Mọníyà ní wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin bá dé, kí ó sì gbé èrò dé Ojóò sí ojú òpó. Bákan náà ni kí bọ́ọ̀sì àárọ̀ dé Mọníyà kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Kò bójú mu kí ènìyàn ti Èkó dé Mọníyà ní ìrọ̀rùn, kí ó wá máa nàjà owó ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí nínú òkùnkùn.

Àbá kẹfà: Kí bọ́ọ̀sì òpó máa gbéra ní àkókò, bí ó kún, bí kò kún. Kí ibùdókọ̀ jìnnà síra tó bí irínwó sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà, kí ó má ṣe máa dúró ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Kí èrò ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọlé. Àwọn nǹkan kéékèèké wọ̀nyí ni ó ń dín ìrìn kù. Bọ́ọ̀sì mẹ́jọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ bá kúrò ní ìṣẹ́jú 120 tí ó di 96, ìṣẹ́jú 12 ni yóò wà láàárín wọn dípò 15. Ó dà bí ìgbà tí a ra bọ́ọ̀sì méjì lé e láìná kọ́bọ̀.

Àbá keje: Kí tíkẹ́ẹ̀tì kan tó fún ìrìn kan. Bí a bá ní kí èrò ti inú kẹ̀kẹ́ bọ́ sí inú bọ́ọ̀sì, kí a má ṣe fi owó jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó gbọ́ràn. Kí a sì máa san owó iṣẹ́ fún awakọ̀ òpó gẹ́gẹ́ bí iye ìrìn tí ó rìn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iye èrò tí ó há mọ́ inú ọkọ̀. Ọjọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ni gígé ọ̀nà yóò kú.

ÀWỌN TÍ YÓÒ FARA KÁÁṢÁ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Kò sí bí a ṣe lè tún ọ̀nà tò kí ó má dun ẹnìkankan.

Àwọn kan wà tí ọkọ̀ ń já lẹ́nu ọ̀nà lónìí tí wọn yóò ní láti rìn díẹ̀. Fún ọ̀dọ́, èyí kò le. Fún àgbàlagbà àti aboyún, ó le. Ìdí nìyí tí a fi ní kí kẹ̀kẹ́ àdúgbò wà, kí ó sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Àwọn tí ń ru ẹrù láti Bódìjà kò lè gbé àpò ẹ̀wà mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì tí ó ń gbéra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn yìí ń fẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí yóò ní wákàtí tirẹ̀ ní ìdájí. Àwọn ẹgbẹ́ wa tí ó wà nínú ọjà lè para pọ̀ ṣe èyí láìdúró de ìjọba.

Èyí tí ó le jù ni ti àwọn awakọ̀ Micra àti àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni àwọn kan fi ra ọkọ̀ wọn, wọn kò sì tí ì san án tán. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá gba ọ̀nà Ojóò sí Dùgbẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ láìsí ètò kankan, gbèsè yóò wà lọ́rùn wọn, ẹgbẹ́ náà yóò sì pàdánù. A kò lè fi ojú ọmọ ìyá wa gún igi kí a tó ríran. Nítorí náà, a ní kí ìjọba má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò lójú ọ̀nà kí ọ̀nà àdúgbò tí yóò máa gbà tó wà nílẹ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni. A sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ wa fún irú ọmọ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè láti san ẹ̀yáwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

OHUN TÍ À Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN LÓNÌÍ

Nǹkan mẹ́rin ni.

Àkọ́kọ́, kí ẹ dìbò pé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa kò ní í fi owó ìpamọ́ ra bọ́ọ̀sì kankan títí tí a ó fi mọ ọ̀nà tí yóò máa tọ̀, tí a ó sì ti bá ìjọba àti àwọn awakọ̀ ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. A mọ̀ pé èyí kò ní í tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Bọ́ọ̀sì tuntun dùn ún wò, a ó kun orúkọ ẹgbẹ́ sí i lára, a ó sì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n táyà a máa jẹ, ẹ́ńjìnnì a máa kọṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tí ọ̀nà rẹ̀ kò mú owó táyà wọlé, ẹ̀yìn ọgbà ni yóò gbé.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìrìn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: ibi tí ó ti gbéra, ibi tí ó lọ, iye ọkọ̀ tí ó wọ̀, iye tí ó san, àti ìṣẹ́jú tí ó fi dúró. Akọ̀wé yóò fi ránṣẹ́ sí wa. A kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a bá lọ bá ìjọba pẹ̀lú ẹkún nìkan, wọn yóò bá wa kẹ́dùn. Bí a bá lọ pẹ̀lú ìwé tí ó fi ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn hàn, wọn yóò bá wa jókòó.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ènìyàn mẹ́ta láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ awakọ̀, kí wọ́n wọ inú ìgbìmọ̀ yìí. Kò dára kí a máa pín ọ̀nà lẹ́yìn ẹni tí ń tọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a bẹ̀ ìjọba pé kí ó fi ìlà kan ṣoṣo dán an wò fún oṣù mẹ́fà. Ìlà ẹ̀yìn ìlú, láti Ojóò dé Challenge, ni a rò pé ó dára jù, nítorí pé ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí yóò sì pàdánù lójú ọ̀nà náà kò pọ̀. Bí ó bá yege, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni yóò béèrè èyí tí ó kù. Bí kò bá yege, a ó mọ ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó, kò sì ní í tí ì wọ gbogbo ìlú lára.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni ó mọ̀ pé ọ̀nà tí a kò bá yẹ̀ ni igbó ń bò. Àwọn ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọ̀nyí ti pẹ́ láìyẹ̀, owó àjẹṣẹ́kù wa sì ni igbó náà ń bò. Alága, a ti jíṣẹ́ tí ẹ rán wa. Àbá ti wà níwájú ilé, a sì bẹ̀ yín kí ẹ jíròrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì dìbò kí a tó túká. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjà ọ̀nà.